Ìlà Mọ́kànlá Tí Kì í Ṣe Tirẹ̀

Ìyàwó mi ló ní kí n kọ èyí. Òun ti kọ ìwé mẹ́rìnlá. Èmi ò kọ ẹyọ kan rí. Ó ní kí n ṣe é ní ṣókí, kí n má sì purọ́. Ti ṣókí yẹn ò le. Akólòlò ni mí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ń há sí lọ́fun kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Ilé ìtẹ̀wé kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ mi sì ni kí n máa to lẹ́tà. Òjé ni wọ́n fi ń rọ lẹ́tà láyé ọjọ́un, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná. Àpótí pẹlẹbẹ kan wà níwájú mi tí wọ́n pín sí ojú kéékèèké, A ní ojú tirẹ̀, B ní tirẹ̀. Màá wo ohun tí òǹkọ̀wé fọwọ́ kọ, màá ṣa lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, màá tò wọ́n sórí irin kékeré tó wà lọ́wọ́ òsì mi títí ìlà kan yóò fi kún. Òdì la ń tò wọ́n, kí wọ́n lè tọ́ lórí ìwé. Títí dòní, bí ẹ bá jókòó kọjú sí mi tí ẹ ń kọ nǹkan, mo ń kà á bí ẹ ṣe ń kọ ọ́. Ìyàwó mi kì í jẹ́ kí n jókòó síwájú òun.

Dákẹ́ ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. Kò dùn mí. Lẹ́tà òjé kì í kólòlò. Ọ̀rọ̀ tí ẹnu mi ò lè gbé, ọwọ́ mi ń gbé e. B ló burú jù lọ. Dípò kí n sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni," orí ni mo máa ń mì.

Ìyá kan wà níbẹ̀ tó ń ka gbogbo ewé tí a bá kọ́kọ́ tẹ̀, láti wá àṣìṣe. Àǹtí Kọ́mà la ń pè é. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, pẹ́ńsù pupa kan sì máa ń wà nínú irun rẹ̀ nígbà gbogbo. Ó bá Ọ̀gá tó ni ilé ìtẹ̀wé jà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko nítorí kọ́mà kan, ó sì borí. Òun nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń retí èsì.

"Dákẹ́," ó máa ń wí, "o ò níyàwó, o ò lọ́rẹ̀ẹ́. Àwọn àgbà ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ṣùgbọ́n baba ta ni ìwọ fẹ́ pè, nígbà tí o kì í jáde nílé?"

Mo máa ń rẹ́rìn-ín.

*

Ìkọ̀wé ìyàwó mi ni mo kọ́kọ́ mọ̀, kí n tó mọ ojú rẹ̀.

Ọmọ akọ̀wé kóòtù kan tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ó kó ojú ewé igba ó lé mẹ́rin wá fún Ọ̀gá. Ọ̀gá ka mẹ́wàá níbẹ̀, ó di orí mú.

"Ìtàn ìfẹ́ ayé àtijọ́ nìyí?" ó bi Àǹtí Kọ́mà. "Ọmọ ọba dà? Ààfin dà? Ta ló fẹ́ kà nípa àwọn tó ń se iyọ̀?"

Òótọ́ ló sọ. Àgọ́ kan létí òkun ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ní àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń se omi òkun títí yóò fi gbẹ di iyọ̀. Obìnrin inú rẹ̀ ló ń wọn iyọ̀ fún àwọn oníbàárà. Ó ti lẹ òkúta mọ́ abẹ́ òṣùwọ̀n rẹ̀. Ọkùnrin inú rẹ̀ sá lójú ogun, ó wá ń tiro kiri àgọ́, ó ní ọfà ló ba òun. Ọfà kankan ò bà á. Àwọn méjèèjì ń purọ́ fún ara wọn láti ojú ewé kìíní, wọ́n sì ń fẹ́ràn ara wọn bí wọ́n ṣe ń purọ́ náà.

"Èmi fẹ́ kà á," Àǹtí Kọ́mà dá a lóhùn. "Mo ti kà á dé ìdajì. Ẹ ò sì ní rí i gbà lọ́wọ́ mi."

Bó ṣe di ohun tí a tẹ̀ nìyẹn.

Oṣù méjì ni mo fi tò ó. Bírò ló fi kọ ọ́. Y rẹ̀ máa ń fa ìrù gígùn. Bí ẹnì kan bá ń purọ́ nínú ìtàn náà, á tẹ bírò mọ́lẹ̀ gan-an. Ìka mi lè mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ewé. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ pa ẹ̀yìn ewé kí n tó ka iwájú. Mo mọ̀ pé kò bójú mu. Mi ò jáwọ́.

Ó wá lọ́jọ́ kan láti tún ọ̀rọ̀ kan ṣe. Obìnrin kúkúrú, eruku kún bàtà rẹ̀, yíǹkì wà ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ń to ìwé mi?"

Mo mi orí.

"Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ó dáa àbí kò dáa?"

Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ há. Àwọn èèyàn máa ń bá mi parí rẹ̀ níbi tó bá há sí. Wọ́n rò pé oore ni wọ́n ń ṣe mí. Òun ò bá mi parí rẹ̀. Ó fara ti àpótí lẹ́tà, ó ń wo ẹnu mi bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ tó mọ̀ pé yóò dé.

"Ó n-n-níyọ̀," mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín títí Ọ̀gá fi yọjú láti ọ́fíìsì rẹ̀. Ó lọ. Mi ò to lẹ́tà kankan fún bí wákàtí kan.

*

Ewé kan ló kù. Ìlà mọ́kànlá ló wà lórí rẹ̀. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí.

Kẹrosíìnì la fi ń fọ yíǹkì kúrò lára lẹ́tà. Ìgbọ̀nwọ́ mi gbá agolo rẹ̀ dà sórí ewé náà. Ká ní mo fi í sílẹ̀ kó gbẹ ni, bóyá ìbá ṣeé kà. Mo fi àkísà nù ún. Ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ wọ́ pọ̀ di aró. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù tí ojú lè rí: òṣùwọ̀n.

Òǹkọ̀wé ò sí nílé. Ó ti rìnrìn àjò lọ wo ilé iná kan tí wọ́n kọ́ sójú òkun fún àwọn atukọ̀, nítorí ìwé tó fẹ́ kọ tẹ̀ lé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló máa lò. Ọ̀gá sì ti ń pariwo pé ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni ojú ewé tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀rọ, torí ìwé ìdánwò àwọn ilé ìwé ló máa gba ẹ̀rọ láti àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ó yẹ kí n lọ sọ fún un. Mo dìde. Mo ro gbólóhùn náà nínú ọkàn mi. B mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Mo jókòó padà.

Mo to ìlà mọ́kànlá láti inú orí ara mi.

Nínú ohun tí mo tò, ọkùnrin náà wọ ibi tí obìnrin yẹn ti ń wọn iyọ̀. Kò tiro mọ́. Ó gun orí òṣùwọ̀n. Ó ní, "Wọ̀n mí. Mo mọ̀ pé òṣùwọ̀n rẹ ń purọ́. Iye tó bá pè mí, mo gbà." Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọ òkúta kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo parí rẹ̀ sí.

Àǹtí Kọ́mà gbé ewé tí a tẹ̀ lọ́wọ́ kan, ó na ọwọ́ kejì.

"Èyí tí ó fọwọ́ kọ dà, kí n fi wé e?"

Mo fi ewé aró hàn án. Ó wò ó. Ó wo ohun tí mo tò. Ó wò mí.

"Ta ló kọ èyí?"

Mo fi ìka kan àyà mi.

Ó fa pẹ́ńsù pupa yọ nínú irun rẹ̀, mo rò pé yóò fa igi lé gbogbo rẹ̀. Kọ́mà kan ló fi sí i.

"Ó yẹ kó mí díẹ̀ níbí," ó wí, ó sì gbé e lọ fún àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ.

*

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni òǹkọ̀wé padà dé. Ìwé náà wà lábẹ́ apá rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ta ló gun òṣùwọ̀n?"

Gbogbo wa gbójú sókè.

"Mo ní ta ló gun òṣùwọ̀n nínú ìwé mi? Obìnrin yẹn wọ ọkọ̀ ojú omi lọ ni! Ó lọ, kò wẹ̀yìn. Ọdún méjì ni mo fi ń wá bó ṣe máa lọ. Ta ló dá a padà?"

Ọ̀gá ti jáde láti ọ́fíìsì rẹ̀. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló to ojú ewé tó kẹ́yìn?"

"Kọ́mà tó wà níbẹ̀, èmi ni mo ni ín," Àǹtí Kọ́mà wí. Ó fẹ́ gbà mí là. Mo dìde.

"È-è-èmi ni."

Mo fa ewé aró yọ nínú dúrọ́ọ̀. Mo ti tọ́jú rẹ̀. Mo nà án sí i. Ó gbà á, ó wò ó, ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn kẹrosíìnì.

"Ẹ ò lè dúró dè mí ni?"

Ó gbé ìwé náà sórí àpótí lẹ́tà mi, ó jáde. Ọ̀gá ní bí kò bá jẹ́ ti ìwé ìdánwò tó wà nílẹ̀, ọjọ́ náà ni èmi ìbá lọ. Mo mọ̀ pé ó tọ́ sí mi.

Oṣù kan kọjá. Ní Ọjọ́bọ̀ kan ó wọlé, ó da àpò lẹ́tà kan sílẹ̀ níwájú mi.

"Àwọn tó ka ìwé náà ló kọ wọ́n sí mi. Mọ́kàndínlógún. Mẹ́rìndínlógún nínú wọn, ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ni wọ́n ń sọ. Obìnrin kan ní òun ka ibẹ̀ fún ọkọ òun, ọkọ òun sì jáde lọ dúró sí ẹ̀yìnkùlé." Ó jókòó sórí páálí ìwé. "Mo kórìíra yín."

Mo mi orí.

"Ẹ má mi orí sí mi. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kò ní í lọ?"

Ó dúró dè mí. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde.

"Mi ò m-mọ̀. Mo f-fẹ́ kó dúró ni."

Ó kó àwọn lẹ́tà náà padà sínú àpò, ó lọ. Ṣùgbọ́n Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún wá.

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni, ní agogo mẹ́rin, lórí páálí ìwé kan náà. Yóò ka ohun tó kọ nípa ilé iná ojú òkun fún mi, èmi yóò máa to lẹ́tà. Ọ̀mùtí ni ẹni tó ń tọ́jú iná nínú ìtàn yẹn. Mo bi í lọ́jọ́ kan ìdí tí kò fi kọ nípa ẹni tó pé.

"Ṣé o mọ ẹnì kan tó pé?" ó wí.

Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ pè mí ní "o." Òun náà gbọ́ ọ. Ó wolẹ̀, ó ń wá ojú ewé tí kò sọnù. Àǹtí Kọ́mà, tó jókòó ní tábìlì rẹ̀, wúkọ́ láìní ikọ́.

*

Oṣù méje lẹ́yìn náà, Àǹtí Kọ́mà ló ṣe alárenà. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Ó wọ aṣọ tó dára, ó yọ pẹ́ńsù kúrò nínú irun, ó lọ sílé akọ̀wé kóòtù. Nígbà tó padà dé ọ̀dọ̀ mi, ó béèrè omi kó tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá yẹn le," ó wí. "Ọmọ ti sọ ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n fún wọn látìgbà tí inú ṣì ń bí i. Wọ́n ní ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni àwọn fi kọ ohun tí èèyàn sọ níwájú adájọ́ sílẹ̀. Àwọn ò fi kún un, àwọn ò yọ kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn, ayédèrú ló ṣe. Àwọn ò ní í fi ọmọ fún oníṣẹ́ ayédèrú."

"K-kí lẹ wá sọ?"

"Mo ní èmi ni mo fi kọ́mà sí i, kí wọ́n mú èmi náà. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Ìyá ọmọ ló rẹ́rìn-ín." Ó mu omi rẹ̀ tán. "Wọ́n ní kí o wá ní Sátidé, ní agogo mẹ́rin. Kí o fẹnu ara rẹ sọ ohun tí o ṣe. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá ọ sọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá ọ parí ọ̀rọ̀. Wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n máa sọ tẹnu wọn."

Ó wò mí. "Ẹ̀yin méjèèjì ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lé ọkùnrin. Bàbá yẹn mọ̀ pé o ò ní í wá."

Ìyá tèmi náà ò fẹ́ ẹ. "Obìnrin tó ń kó àléébù ọkùnrin sínú ìwé!" ó wí. "Tó bá kan ìwọ ńkọ́?"

Mo ní kò burú.

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Mo ń rìn lọ síbi iṣẹ́, mo ń pe "Bàbá." Mo ń fá irùngbọ̀n, mo ń pe "Bàbá." Bí mo bá dá wà, á jáde. Bí mo bá ro ojú èèyàn kan sí i, á há. Mo ro ó pé kí n kọ lẹ́tà. Mo ro ó pé kí n má lọ, kí n máa to lẹ́tà mi lọ. Òǹkọ̀wé lè rí ọkọ tí ahọ́n rẹ̀ dán. Ọmọ rẹ̀ ò ní í ní láti dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé kí bàbá rẹ̀ tó lè pe orúkọ rẹ̀ tán. Mo ro gbogbo rẹ̀. Ní Sátidé, mo wọ bàtà.

*

Yàrá kékeré ni, nílé akọ̀wé kóòtù. Tábìlì kan, àga mẹ́rin, agogo ara ògiri. Ìyá ọmọ ń rán aṣọ lójú fèrèsé. Máṣíìnì ń lọ, ó ń dúró. Òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ jókòó ní igun, ó ká ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ lórí orúnkún. Mi ò rí i kó jókòó jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Bàbá rẹ̀ ti gbé ìwé funfun síwájú, ó ti fa ìlà sí etí ìwé náà. Ó wọ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ jókòó. Ẹ mọ ìdí tí a fi pè yín. Ẹ sọ̀rọ̀, mò ń kọ."

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Bàbá." Bó ṣe yẹ nìyẹn.

B ò jáde.

Mo gbìyànjú. Ètè mi pàdé, wọn ò sì tú. Mo gbọ́ agogo. Máṣíìnì ìyá rẹ̀ dúró. Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi. "B-b-b-b..." Mo dákẹ́, mo tún bẹ̀rẹ̀. Mo rí i tí ìyá rẹ̀ la ẹnu láti bá mi sọ ọ́. Ọmọ rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè, ìyá náà pa ẹnu dé. Ọmọ ń wo ẹnu mi bó ṣe wò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Bàbá," mo wí.

Mo gbójú sókè wo agogo. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ti lọ. Bàbá rẹ̀ kọ nǹkan.

Mo sọ ìyókù. Agolo, àkísà, aró. Mo sọ pé Ọ̀gá wà nítòsí, pé mo lè lọ bá a, pé mi ò lọ. Mo sọ pé kì í ṣe ìkólòlò nìkan ni kò jẹ́ kí n lọ. Pé mo ti ń fẹ́ fi ọwọ́ mi kan ìtàn náà tipẹ́, nítorí mo ti fẹ́ràn ẹni tó kọ ọ́, kò sì wù mí kó jẹ́ ẹni tó gbà pé èèyàn máa ń lọ láìwẹ̀yìn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sọ ìyẹn láyé mi. Ó gbà mí tó wákàtí kan. Nígbà tí mo parí, kọ́là ẹ̀wù mi ti rin.

Bàbá rẹ̀ ka ohun tó kọ sókè. Ojú ewé kan àti ààbọ̀ ni. Ó ń ṣàn geere. Mo gbọ́ ara mi nínú rẹ̀ bí ẹni tí ahọ́n rẹ̀ dán.

"Ṣé ohun tí ẹ sọ nìyí?"

Mo mi orí.

"Ẹ fọwọ́ sí i."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró," ọmọ rẹ̀ wí. Ó dìde láti igun. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n rí i." Ó gbà á, ó kà á, ó tún un kà. "Ẹ ti yọ nǹkan kúrò."

Bàbá yọ awò ojú. "Èmi? Kí ni mo yọ?"

"'Bàbá' kan ṣoṣo lẹ kọ síbí. Ìgbà mélòó ló gbìyànjú rẹ̀ kó tó jáde? Mo kà á. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n."

"Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ìyẹn..." Ó dúró. "Bí akólòlò bá wá sí kóòtù, ohun tó fẹ́ sọ la máa ń kọ."

"Ta ló sọ ohun tó fẹ́ sọ fún yín?"

Ó ń fi etí ẹ̀wù nu awò ojú rẹ̀.

"Ẹ ṣàánú rẹ̀, ẹ wá yọ ọ́ kúrò. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, Bàbá. Akólòlò mélòó lẹ ti bá tún ọ̀rọ̀ wọn tò? Ẹ̀yin náà ò fi nǹkan kan kún ìwé ẹlòmíràn rí, àbí?"

Ní ojú fèrèsé, ìyá rẹ̀ já òwú pẹ̀lú eyín. "Bàbá ọmọ mi," ó wí, "ẹjọ́ ti dà lé yín lórí o. Ẹ fọwọ́ sí tiyín náà."

Bàbá wo ìwé tó wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ títí. Mo rí i tó ń padà lọ sínú ọdún wọ̀nyẹn, tó ń wo ojú àwọn ènìyàn. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Wọ́n pọ̀," ó wí. "Mo rò pé mò ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni."

"M-mo mọ̀, sà," mo wí. Èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí.

Ó gba ìwé padà. Ó kọ nǹkan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó kà á fún wa bí adájọ́:

"Ìlà mọ́kànlá ni ọmọkùnrin yìí fi kún ìwé obìnrin yìí láìgba àṣẹ. Ọjọ́ tí òun náà bá kọ ìwé, obìnrin yìí yóò yọ ìlà mọ́kànlá kúrò nínú tirẹ̀, láìgba àṣẹ. Títí di ọjọ́ náà, kí wọ́n lọ máa gbé pọ̀." Ó fọwọ́ sí i. Ó wò mí. "Ẹ wá mu tíì. Ẹ má sì kánjú pè mí. Mi ò níbì kan tí mò ń lọ."

Ìwé náà wà nínú dúrọ́ọ̀ wa.

Ọmọ rẹ̀ sìn mí dé ẹnu géètì. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ohun tí mo sọ fún un.

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó ní, "Mo ti gbọ́." Ó sì bá mi tú bọ́tìnnì kọ́là ẹ̀wù mi tó rin.

*

Ọdún mẹ́rìnlélógójì nìyẹn. Ìyàwó mi ti kọ nípa ilé iná ojú òkun, nípa ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ òkúta, nípa erékùṣù tí wọ́n ń dá àwọn arìnrìn-àjò tó ń ṣàìsàn dúró sí. Kò kọ ọmọ ọba kankan. Ìyá mi ò purọ́: mo wà nínú gbogbo rẹ̀. Èmi ni ọ̀mùtí tó ń tọ́jú iná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tíì ni mò ń mu. Nínú ìwé keje, akólòlò kan wà níbẹ̀ gan-an. Ó bi mí bóyá B mẹ́fà pọ̀ jù. Mo ní ẹyọ kan tó, kí ó jẹ́ kí òǹkàwé dúró fúnra rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ gbé fún ọdún mọ́kànlélógún sí i. Kò bá mi parí ọ̀rọ̀ kan rí. Bí mo bá wọlé tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é, á gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á dúró. Àǹtí Kọ́mà náà ti lọ. Ó fi pẹ́ńsù rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó mi. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, wọ́n yọ́ gbogbo òjé ilé ìtẹ̀wé. Mo mú lẹ́tà kan wálé. B ni. Ó wà lórí fèrèsé.

Ìyàwó mi ò tíì fẹnu rẹ̀ gbà rí pé ìlà mọ́kànlá yẹn dára ju tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti tún ìwé náà tẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sì fi wọ́n síbẹ̀, àti kọ́mà náà.

Lánàá ni mo parí ohun tí ẹ ń kà yìí. Mo gbé e fún un. Ó lọ fa ìwé bàbá rẹ̀ yọ nínú dúrọ́ọ̀, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fa pẹ́ńsù pupa yọ. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi ìdí tó fi ní kí n kọ̀wé.

Ó kà á dé ẹnu géètì. Ó ka ìlà, ó ń fi ìka tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́kànlá. Ó fa igi lé gbogbo ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ náà.

"Ibẹ̀ ló dáa jù," mo wí.

"Mo mọ̀."

"Wọn ò ní í m-mọ ohun tí mo sọ."

"Èmi ni o sọ ọ́ fún," ó wí. "Tèmi ni." Ó fi pẹ́ńsù sínú irun rẹ̀, irun tó ti funfun. "Ó yá, kà á wò bó ṣe rí báyìí."

Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dára ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Mi ò tíì sọ fún un.